Ikùn Tuntun Rọ̀kíbátù Oníwèé

Bí ẹ bá dé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, tí ẹ ní Rọ̀kíbátù Ògúntádé lẹ ń wá, wọn yóò kàn máa wò yín ni. Ẹ sọ pé Rọ̀kí oníwèé, wọn yóò sì mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń di ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Adébọ̀dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láyé àwọn ológun, ó sì ń bá a lọ nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, tí àwọn olóṣèlú wá ń tẹ àwòrán ara wọn kiri bí ẹni pé a ò rí orí èèyàn rí.

Kíkó ìwé ni iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ ìwé tán, wọn a to ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní òkìtì òkìtì yí tábìlì gígùn kan ká. Àwọn obìnrin a wá máa yí tábìlì náà po, wọn a mú ewé kan níbí, wọn a mú ewé kan lọ́hùn-ún, títí odindi ìwé yóò fi pé sí wọn lọ́wọ́. Wọn a gbé e kalẹ̀, wọn a tún bẹ̀rẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Rọ̀kíbátù ló máa ń ṣíwájú wọn, òun náà ló sì máa ń dá orin.

Lẹ́yìn tó bí ọmọ kẹta ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kì í ṣe sísanra tí à ń kí èèyàn kú oríire fún o. Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọ̀ ọ́. Ọ̀gá Adébọ̀dé, tí í ṣe ọmọlúàbí èèyàn, gbé bẹ́ǹṣì kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kó máa jókòó kan pínnì mọ́ ìwé. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn tó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí tábìlì ká. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní òun ti di ọ̀gá, àwọn ọ̀gá kì í dìde. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọ eegun.

Dókítà eegun tó lọ rí ní Igbóbì kò fi bọpo bọyọ̀. "Ìyá, orúnkún yín ń gbé èèyàn méjì," ó ní. "Àfi kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀."

Ohun tí Rọ̀kíbátù kò ṣe kò sí. Ó gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, ó mu àgbo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìfun rẹ̀ dànù, asán ni. Níkẹyìn ló gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ inú ikùn kù. Wàhábì ọkọ rẹ̀, tó ń gé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, lọ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ní Ìkòròdú nítorí rẹ̀. Nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ta á, ọkùnrin náà ní, "Ṣé ilẹ̀ lè bá mi rìn ni? Ìwọ ni mo fẹ́ máa bá rìn."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá Rọ̀kí, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń gbé ní Bàrígà títí di òní. Ọmọ ọdún méje ni Rọ̀kíbátù nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àbúrò méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láyé ìyà yẹn, ìyá a bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ, a sì ní, "Ẹ jẹun, jàre. Èmi ti jẹ tèmi nídìí ààrò." Ìgbà tí Rọ̀kíbátù gbọ́n ló tó yé e pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan nídìí ààrò náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi oúnjẹ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lábọ́ rí. Àjẹlá lọpẹ́ tó mọ̀. Nígbà tó wá sanra, ìyá a máa di apá rẹ̀ mú lójú àwùjọ, a ní, "Ẹ wo ọmọ mi! Ṣé ẹ rí ibi tí ìyà mi já sí?"

Ẹ bá mi wò ó. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé ikùn tó fi ebi pa ara rẹ̀ kó tó kún, wọ́n fẹ́ gé e kù? Rọ̀kíbátù kò lè sọ ọ́. Ó ní ìju inú ilé ọmọ ni wọ́n fẹ́ yọ fún òun. Ìju kò ti ẹnikẹ́ni lójú, ìyá sì gbàdúrà fún un títí wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ohun tó kù fún un níkùn kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Láàárín oṣù márùn-ún, ó fi kílò mọ́kànlélọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ rìn dé Fádèyí, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó mú ewé àkọ́kọ́, ó mú ìkejì, ó sì yí tábìlì náà po lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, Wàhábì sì dá ẹ̀rọ tó fi ń gé ìwé dúró, ó kọjú sí ògiri, ó ń nu ojú.

Àmọ́ Èkó ò fẹ́ kéèyàn rù. "Rọ̀kí, ṣé kò sí o?" ni kíkí tó ń gbọ́ láti òwúrọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí eegun ọrùn rẹ̀ tó yọ, ẹkún ló bú sí. Ó ní ìju yẹn ti fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun gbẹ. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó: móltì àti mílíìkì. Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá ń gbé páálí móltì wá nìyẹn, pẹ̀lú mílíìkì agolo àti ìkọ́kọrẹ́ tó fi ẹja etí ọ̀sà Ìlàjẹ sè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò po móltì mọ́ mílíìkì, yóò sì dúró wò ó mu tán kó tó máa lọ. Yóò pàṣẹ pé kó máa mu ìyókù lójoojúmọ́.

Rọ̀kíbátù ń mu ún. Bó bá jẹ ẹran, yóò há a láyà. Bó bá jẹ búrẹ́dì, yóò dúró pa. Ṣùgbọ́n móltì kì í há, yíyọ̀ ló ń yọ̀ lọ. Lójú tirẹ̀ pàápàá, kì í ṣe oúnjẹ. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Hadassah, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìjẹun wọn ní ọsibítù, bi í pé kí ló ń jẹ, ó na ìkúùkù rẹ̀ sí i. "Kò tó báyìí, nọ́ọ̀sì," ó ní. Kò sì purọ́.

Ìwọ̀n kọ́kọ́ dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ni kílò méjì padà, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́sàn-án. Orúnkún tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lọ́jọ́ Ajé kan, Rọ̀kíbátù dé ṣọ́ọ̀bù, kò wo ọ̀dọ̀ tábìlì rárá, ó kọjá sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń rò, pé òun ti jẹ ẹ́ gbé. Ó ń lọ sunkún ní ilé ìwẹ̀, ó ń tú omi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ọsibítù tún pé, ìtìjú kò jẹ́ kó lọ, ó sì pa èyí tó tẹ̀ lé e jẹ pẹ̀lú. Èmi ò dá a lẹ́bi. Ìgbà tó yẹ kéèyàn sáré tọ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ gan-an la máa ń sá fún un.

Oṣù Ràmàdáánì dé. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kó má ì tíì gbààwẹ̀, síbẹ̀ ó gba ààwẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti Wàhábì lọ ṣínu ní ilé ìyá rẹ̀ ní Bàrígà. Ó jẹ dàbínù mẹ́ta. Ìyá gbé ife móltì ńlá kalẹ̀, mílíìkì ti funfun lójú rẹ̀, ó ní, "Dà á mu lẹ́ẹ̀kan, inú òfìfo ló ti ń di ẹ̀jẹ̀." Rọ̀kíbátù dà á mu.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Òógùn bò ó, inú lọ́ ọ, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì ṣubú lulẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ̀jẹ̀ ni!" Ìyá ti figbe ta. "Mo ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀! Wàhábì, bá mi mú móltì mìíràn!"

Wàhábì gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un mọ́."

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ kọ́mọ mi kú ni?"

Ọkùnrin náà gbé ife náà jìnnà sí i. Àṣírí iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti tú. Ó kàn kúnlẹ̀, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là.

Lọ́jọ́ kejì Rọ̀kíbátù wọ́ ara rẹ̀ lọ bá Hadassah.

"Kí lẹ mu kó tó gbé yín ṣubú, mà?"

"Móltì àti mílíìkì."

"Ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń mu ún?"

"Á tó oṣù márùn-ún. Ojoojúmọ́ ni."

"Háà! Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ẹ bi mí pé kí ni mò ń jẹ ni, nọ́ọ̀sì. Móltì kì í ṣe oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ni."

Hadassah bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára gbá ẹnu mú. "Ẹ má bínú, mà. Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Màámi náà máa ń fún mi mu nígbà tí mo bá ṣàìsàn, ó yẹ kí n ti béèrè." Ó wá ṣàlàyé fún un pé ṣúgà inú móltì náà ló ń já wọnú ìfun lójijì, òun ló gbé e ṣubú, òun náà ló ń dá kílò padà. Ó ní iṣẹ́ abẹ náà kò bàjẹ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n ṣe é fún tí kì í kọsẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ ibi tó ti kọsẹ̀ ló ń dé ibi tó ń lọ. Kó máa fi ẹja ṣáájú nínú abọ́, kó rún un kúnná, kó má pa omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Bó bá ti yó, kó dáwọ́ dúró, ì báà ku òkèlè kan.

"Ta ló ń fún yín ní móltì yẹn?"

"Ìyá mi ni."

"Ṣé wọ́n mọ iṣẹ́ abẹ tí a ṣe fún yín?"

Rọ̀kíbátù mi orí pé rárá.

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ tèmi o, mà," ni Hadassah wí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Rọ̀kíbátù kò tiẹ̀ pé ọdún kan. Lọ́sàn-án Sátidé, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí ìyá ti ń rin ewùrà tó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́ ìṣínu. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ìyá kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí ewùrà ọwọ́ rẹ̀ fi tán.

"Oúnjẹ mi ló wá fẹ́ pa ọ́."

"Rárá o, Màmá."

"Èmi tí mo febi pa ara mi nítorí rẹ?"

"Mo mọ̀, Màmá. Òun ni ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́."

Obìnrin náà ṣan ọwọ́, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí, kó tó dìde lọ sílé.

Jímọ̀ kan kọjá, kò sí móltì, kò sí ìyá. Jímọ̀ kejì kọjá. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé, ó lọ kí i, ìyá dáhùn kíkí rẹ̀ ṣókí, kò sì bu oúnjẹ fún un. Láyé rẹ̀, èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kílò ti ń lọ sílẹ̀ padà, ẹja ló ń fi ṣáájú, kò mu móltì mọ́. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ń rò ó pé bóyá ẹsẹ̀ tí òun fẹ́ rà padà, ìyá òun ni òun fi san án.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún, ní agogo kan ọ̀sán, ìyá já wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Adébọ̀dé. Kò débẹ̀ rí. Gbogbo wọn dìde kí i. Ó lọ tààrà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó tú àpò, ó sì yọ abọ́ tánganran kékeré kan jáde, èyí tí etí rẹ̀ ti họ, tí kò ju àtẹ́lẹ́wọ́ lọ. Ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹja ńlá kan sì lé téńté sórí rẹ̀.

"Ṣé o mọ abọ́ yìí?"

"N ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"O ò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí ààrò ni mo máa ń fi pa mọ́ sí. Òun ni mo fi ń jẹun nígbà tí mò ń sọ fún yín pé mo ti jẹ tèmi. Ọdún mẹ́rin. Ohun tó bá gbà náà ni mo máa ń jẹ." Ó nu etí abọ́ náà pẹ̀lú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. "Kò mà pa mí, Rọ̀kí. Gbà á. Jẹ ẹja ná."

Rọ̀kíbátù jẹ ẹja, ó ń rún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omijé ń bọ́ sínú abọ́. Ó fi ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó yó. Ó wo ohun tó kù nísàlẹ̀ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì nà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ti máa ń nà láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ìyá di ọwọ́ náà mú. "Jẹ́ kó ṣẹ́ kù."

Ó gba abọ́ náà lórí itan ọmọ rẹ̀. Rọ̀kíbátù dìde, ó lọ síbi tábìlì, ó mú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tó yí i po tó tún kọjú sí ògiri, ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń jẹ ìyókù lójú gbogbo èèyàn.