Ère Tí Ojú Rẹ̀ Ti Pa Rẹ́

Òórùn káfúrà ni mo fi ń rántí ilé náà. Tí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀, kí a tó tan iná, kí a tó rí àwọn ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dé tó tò sára ògiri bí àlejò tí wọn kò tíì fún ní ìjókòó. Mùsíọ́ọ̀mù kékeré ni, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan nínú kílóòsì kan, òpópónà kékeré tí kò já, ní Festac. Bàbá tó ni ín jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ilẹ̀kùn gbígbẹ́ láti Èkìtì, òpó ààfin, àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti ìkòkò oríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ ló sì rà díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó ti kó wọ ilé náà. Àlàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé kí ni onígbàgbọ́ ń fi ère ṣe, á ní, “Iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe òrìṣà,” á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Èmi ni mo máa ń mú àwọn ọmọ iléèwé yíká. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà, nítorí pé mo ti há gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí àwọn káàdì sórí. Kì í ṣe ìfẹ́ ère ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ máa kúrò nílé ni, ní ẹ́síteètì Raji Rasaki, nítorí mo bí ìbejì, Táyé sì lọ kí wọ́n tó mọ ìjókòó. Àwọn tó wá kí wa ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ń ṣe àmín. Mọ́mì mi wá láti Alákijà, ó fi òróró sàmì sí gbogbo ilẹ̀kùn, ó ní kò sí àṣà ìdílé tó lè ràn mọ́ wa lórúkọ Jésù. Lẹ́yìn náà ló fà mí wọ yàrá, ó wá rọra sọ fún mi pé ìyá ìbejì kì í sunkún èyí tó lọ, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. N kò sunkún. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dá ẹkún náà dúró. Nígbà tó yá, mo wá a títí, n kò rí i mọ́. Mo ń fún Kẹ́hìndé lọ́mú bí ẹni ń pọn omi sí garawa. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi kò sunkún, n kò sì ríran.

Nínú àpótí onígíláàsì kan ní kọ̀rọ̀ yàrá ni ère ìbejì kan wà, òun nìkan. Kò ní imú mọ́, ojú rẹ̀ ti dán bọ̀rọ́. Káàdì rẹ̀ ní ọjọ́ orí ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ pa rẹ́, èmi náà a sì máa kà á fún àwọn ọmọ iléèwé: “Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ irú èyí fún ìyá wọn.” Ẹ̀rín á wà lẹ́nu mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń wí i, kò sì sí ọjọ́ kan tó sọ sí mi lọ́kàn pé èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ẹni tó bá ní òmùgọ̀ ni mí, n kò ní bá a jiyàn.

Lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹni tó máa bá mi tọ́jú ọmọ, mo pọ̀n ọ́n wá síbi iṣẹ́. Bàbá gbọ́ tí mo pè é lórúkọ.

“Kẹ́hìndé? Táyé rẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sí mọ́, sà. Ọ̀kan yìí ló kù.”

“Wọn kì í wí bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ó rìnrìn-àjò ni.”

Ó wo apá ibi tí àpótí gíláàsì yẹn wà, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Kánádà, wá láti mú un lọ. Agbára Bàbá ti ń dínkù, kò sì yẹ kó máa dá gbé mọ́. Wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan yóò gba gbogbo ẹrù náà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wá kó o, Bàbá ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé òpó àti ilẹ̀kùn jáde. Ìgbà tó kan ère kékeré yẹn ló gbà á lọ́wọ́ wọn, ló gbé e mọ́ àyà.

“Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e jàre. Ère lásán ni.”

“Kì í ṣe ère lásán. Táyé mi ni.”

Bàbá jókòó, ó wá ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń wẹ ère náà, tó ń fi osùn pa á lára, tó ń fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu. Nígbà tí ìyá náà di onígbàgbọ́, wọ́n ní kó sun ún. Kò lè sun ún, ló bá ní kí ọmọ òun bá òun jù ú nù. Ọmọ náà, Bàbá fúnra rẹ̀, kò lè jù ú nù. Ó gbé e wá sí Festac, ṣùgbọ́n ère kan ṣoṣo nílé àlàgbà, òrìṣà ni aráyé máa pè é. Ló bá ra ìbòjú kan tì í. Ó ra ilẹ̀kùn, ó ra òpó, títí tí ilé fi kún, tí wọ́n ń pè é ní mùsíọ́ọ̀mù. Gbogbo ohun tí mo ti ń fi ọ̀pá nà sí, tí mò ń ṣàlàyé, aṣọ tí ọkùnrin kan fi bo èkejì rẹ̀ ni.

“Òun nìkan ni mo fẹ́ mú lọ,” ni Bàbá wí.

Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi, Dádì. Mi ò lè gbé e wọlé mi.”

Bàbá wò ó títí. Kò bá a jà. Ó na ère náà sí àwọn tó ń dì í.

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n irọ́ ni káàdì yẹn. Ìyá Ìbejì, bá mi kọ òmíràn.”

Mo wẹ̀yìn wò kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń pè. Ohun tó ní kí n kọ ni mo kọ, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: *Ìyá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi pa rẹ́.* N kò mọ nǹkan kan lára bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo kàn rí i pé ìlà rẹ̀ gún régé.

Bàbá ti lọ bá èkejì rẹ̀ báyìí. Ayálégbé ló wà nínú ilé náà. Wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà tuntun. Láìpẹ́ yìí ni mo mú Kẹ́hìndé lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá yẹn. Ó ti dàgbà dé ibi tó ń ka gbogbo ohun tó bá rí, títí kan ti ara pátákó ìpolówó ojú títì. Wọ́n ti tún káàdì náà tẹ̀, wọn kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó kà á sókè, ó fi imú kan gíláàsì.

“Mọ́mì, ta ló wá ń wẹ̀ ẹ́ báyìí?”

Mo ní kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbá mi mú, ẹkún gbogbo ọdún yẹn. Ẹ̀rù àtijọ́ yẹn ṣì wà lára mi o, torí mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú gírígírí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé ó ní èkejì, mo sì pe orúkọ Táyé sókè. Kẹ́hìndé kò lọ síbì kankan. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, ó fi etí gáùn rẹ̀ nù mí lójú, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó sì ń nù ún lọ títí.