Ihò Tí Kò Ní Erùpẹ̀

Ẹ̀rún amọ̀ funfun kan, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, há sábẹ́ èékánná ìka ìfábẹ̀lá bàbá náà. Ó hàn kedere nígbà tí ó gbé ìka náà lé ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé tí ọmọ rẹ̀ tẹ́ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

“Ka ibí yìí fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Ihò dúdú, bàbá mi.”

“Ihò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ihò yìí ni o fẹ́ lọ fi ọdún mẹ́ta kọ́?”

Ọmọbìnrin náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Èdè àwọn ará òkè òkun ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ó ti fi bírò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí bàbá rẹ̀ má baà fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni ó pè é. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Kànga ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ó ti ń gbẹ́ kànga láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, débi pé bí ó bá ń rìn ní òpópónà, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa dá ilẹ̀ tó le mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ní omi lábẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó mọ̀ nípa ihò tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a jiyàn lé lórí: ihò ní ẹnu, ihò ní ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ tí wọ́n sì kó jáde nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ìkẹrin wà tí kì í sọ jáde. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga àtijọ́ lọ́sàn-án gangan láti mú garawa tó já sínú rẹ̀. Kò kọ́kọ́ fi àbẹ́là wo afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde, ó ti di òkú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í wọ ihò níbi tí Bàbá Kànga bá ti ń ṣiṣẹ́, àfi bí àbẹ́là bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì padà wálé pẹ̀lú iná lórí.

Ọmọ yìí ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan ni ó sì lọ sí yunifásítì nínú wọn. Físíìsì ni ó kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan lókè òkun ti gbà á, wọ́n sì ní kí òbí kan wá fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì aṣojú wọn nílùú, ó pẹ́ tán ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n jókòó yìí. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀, láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, pé bí kò bá fọwọ́ sí i, òun kò ní lọ, òun kò sì ní bínú. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dun ọkùnrin náà jù. Ìbá sàn kí ọmọ náà bínú.

“Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?” ni ó béèrè. “Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?”

“Kò ní ẹnu bẹ́ẹ̀, sà. Ààlà kan ló ní. Ohunkóhun tó bá ti kọjá ààlà yẹn kò lè padà mọ́. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè jáde níbẹ̀.”

“Ìsàlẹ̀ rẹ̀?”

“A ò mọ̀ bóyá ó ní ìsàlẹ̀.”

“Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ dà?”

“Kò sẹ́ni tó kó nǹkan kan jáde, bàbá mi. Ìràwọ̀ ńlá kan ló kú, tó wó lu ara rẹ̀, tó ń sún kì, tó ń sún kì, títí ó fi wúwo kọjá ohun tí ẹnu lè sọ.”

Bàbá Kànga gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí ìwé.

“Ó wó, o ní kò sí àlàpà. Ó wúwo, o tún ní ihò ni. Ọmọ yìí, ihò kì í wúwo! Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ihò.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bí òun bá mú ọ̀rọ̀ kúrò lórí ihò, ara yóò tu bàbá òun. Ó wá sọ nípa òkú ìràwọ̀ mìíràn tí kò tóbi ju ìlú kan lọ, tí ó ń pòòyì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ̀kún ṣíbí kan nínú rẹ̀ sì wúwo ju òkè gíga lọ. Ó sọ nípa àwọn ayé tó ṣáko kúrò lọ́dọ̀ oòrùn wọn, tí wọ́n ń rìn kiri nínú òkùnkùn tí ilẹ̀ kò ní mọ́ níbẹ̀ láéláé. Ó ní lẹ́bàá ihò dúdú, àkókò pàápàá máa ń fà. Bàbá rẹ̀ ń mi orí, ojú rẹ̀ sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ń retí kí ẹnì kan wá gba òun sílẹ̀. Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́rùn bàbá, òkè ńlá ti tún gun orí rẹ̀.

“Ta ni yóò di okùn rẹ mú?” ni ó bi í níkẹyìn.

“Okùn wo, sà?”

Bàbá rẹ̀ dìde, ó lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó wà nínú kànga tuntun kan tó ti jìn tó ilé alájà mẹ́rin. Láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹnu kànga kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Ó fi ṣọ́bìrì ti ilẹ̀, ó ń wo àwo ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì ń gbìyànjú láti ro ihò tí a kò ní rí ẹnu rẹ̀ láti inú, tí a kò sì ní rí inú rẹ̀ láti ẹnu. Èrò náà kọ̀, kò dúró.

“Ṣé o ti sùn sísàlẹ̀ yẹn ni?” Oníokùn ló ń pariwo látòkè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń di okùn mú fún un láti ogún ọdún.

“Mo ń ronú ni!”

“Ta ló rán ọ lọ síbẹ̀ lọ ronú? Ilẹ̀ ni kó o gbẹ́!”

“Oníokùn, ṣé o mọ ihò tí kò ní ìsàlẹ̀?”

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ikùn àbúrò ìyàwó mi ni!”

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó rò pé wákàtí kan ni òun lò. Òjìji igi tó wà lápá òsì ti bọ́ sápá ọ̀tún. Oníokùn ní wákàtí mẹ́ta ni. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ, èyí nìkan ni ó wá gbà gbọ́, pé àkókò lè fà nínú ihò. Ẹ̀rù bà á pé òun gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì wò ó.

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ti ń wo òkè bí ẹni tí ẹyẹ jí fìlà rẹ̀ gbé.”

“Wọ́n ní àwọn kan nínú ìràwọ̀ tí à ń rí yìí lè ti kú tipẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.”

“Wọ́n ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe kú síbẹ̀, tí wọn ò wá kú lé mi lórí aṣọ oníbàárà.” Ó ki òwú bẹnu, ó já a. “Bàbá ilé, ẹni tó ń lọ wà ní yàrá. Ẹ lọ bi í. Ẹ yé bi ògiri.”

Ó lọ bá ọmọ náà. Orí àpótí ni ó jókòó sí, ó ń pa ìwé rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ń di ẹrù ìrìn-àjò, bí ẹni tí ń palẹ̀ ohun tó ti parí mọ́ ni. Bàbá rẹ̀ rí i, ó sì dùn ún.

“Ihò yẹn, báwo ló ṣe jìnnà sí ibi tí o máa dúró sí?”

“Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, sà. Ìmọ́lẹ̀ ló yára jù nínú ohun gbogbo. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti yí ayé po. Síbẹ̀, èyí tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn tí a mọ̀, ìmọ́lẹ̀ á fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ọdún rìn kó tó débẹ̀.”

Bàbá Kànga fara ti ògiri.

“A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa wọ inú rẹ̀?”

“Wọ inú ibo?” Ọmọ náà gbójú sókè. “Bàbá mi! Ṣé ẹ rò pé wọ́n máa fi okùn sọ̀ mí kalẹ̀ ni?”

Ọkùnrin náà ń wo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò parí sí ẹ̀rín.

“Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mi ò kọ ọ́ dáadáa. Mo kàn yí orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún sí èdè wa ni. Kì í ṣe ihò rárá.”

“Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Kí lẹ̀yin ìbá pè é?”

“N kò lè sọ ohun tí n kò mọ̀ lórúkọ. Ìwọ ńkọ́, ṣé ó yé ọ?”

“Kò yé mi.”

“Olùkọ́ rẹ?”

“Kò tíì yé òun náà tán.”

“Àwọn tó ń pè ọ́ lọ́hùn-ún?”

“Bó bá yé wọn ni, kí ni wọ́n á máa pè mí fún?”

Ìdáhùn yìí rú u lójú ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó ti rò pé òun nìkan ni nǹkan kò yé. Ó tún rò ó síwá sẹ́yìn.

“Bó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ìlú òkèèrè yẹn àti ẹnu ọ̀nà wa yìí, èwo ló sún mọ́ ọn jù?”

“Ìkan náà ni, sà.”

“Kí ló dé tí o ò lè máa wò ó láti ibí?”

“Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ni kò sí níbí.”

Ó mi orí pé òun gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè fojú inú rí ẹ̀rọ tí ń wo ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè ti inú rẹ̀ jáde. Àyà rẹ̀ balẹ̀. Orí rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ó fa bírò yọ láàárín ìwé, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

“Pa ọ̀rọ̀ ihò yẹn rẹ́.”

“Kí ni kí n wá kọ síbẹ̀?”

“Má kọ nǹkan kan. Bí o bá dé ọ̀hún, tí ó yé ọ, kí o wá sọ fún mi.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ránṣẹ́ sí Oníokùn pé kò ní sí iṣẹ́ lọ́la. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, yóò bá ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì náà, yóò sì fọwọ́ sí ìwé.