Márùn-ún tí Marcellin Fi Pín Oṣù

Ọmọ Kétou gan-an ni Marcellin, ìyá rẹ̀ sì pọ̀n ọ́n lọ ọjà kó tó pọ̀n ọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1988, nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń pe ara wọn ní kamaráàdì, ilé ìwòsàn Okpomèta tó ti ń ṣe akọ̀wé rán an lọ sí Pobè, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ordinateur. Nígbà tó padà dé, ìrìn rẹ̀ yí padà.

Ọjọ́ ọjà làwọn ìyá Okpomèta máa ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ èéyi, bí ogójì ọmọ lọ́jà kan. Ọjà ọrọọrún ni. Ní Pobè, Marcellin ní kí ẹ̀rọ fi márùn-ún pín ọgbọ̀n ọjọ́, kó fi ogójì sọ ọ́ di púpọ̀. Iye abẹ́rẹ́ tí wọn yóò kó wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, abẹ́rẹ́ a tán kí oṣù tó parí. Ó tún gbogbo nọ́ńbà tẹ̀, ibi kan náà ló ń já sí. Ló bá kọjú sí Célestine tó ń gún abẹ́rẹ́.

"Kamaráàdì, ò ń da oògùn nù."

"Èmi kẹ̀? Ọ̀gá, ẹ bi ẹ̀rọ yín, bóyá òun ló ń mu ún."

Ní ọjà tó gbẹ̀yìn oṣù, Honorine gbé Reine, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, dé. Abẹ́rẹ́ ti tán. Marcellin ní kó padà wá. Kó tó ráyè padà, èéyi ti wọ abúlé, ó sì mú Reine lọ.

Marcellin lọ kí wọn. Ìyá Lábọ̀dé, ìyá Honorine, sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ padà wá kí Honorine lọ́jà tó ń bọ̀, ọmọ mi." Ó na ìka márùn-ún, ó di àtàǹpàkò mú. "Òní tá a ná an, òun ni èkíní. Ẹ sun oorun mẹ́rin péré, ọjà tún dé."

Oorun mẹ́rin! Ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ka ọrún báyìí, òní mọ́ ọn. Ìwé ló mú un gbàgbé.

Ní Pobè, ó pa márùn-ún rẹ́, ó tẹ mẹ́rin. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́. Ọgọ́ta abẹ́rẹ́ lé lórí ti tẹ́lẹ̀.

Ó lọ bá Célestine, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀."

Ó dìde. Ó mọ̀. Ẹni tó yẹ kó bẹ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí èéyi mú un lọ.