Ọmọ Ilé Aṣọ́gbà

Kúlísúmù nu àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí etí ìró rẹ̀ kí ó tó nà án síwájú láti tẹ̀ka. Ọdún kẹta rèé tí ó ti ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wá kọ́ ogún yàrá fún àwọn tí kò nílé, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Yàrá kan péré ló kù.

"Ó kù díẹ̀, Màmá," ni Theresa tó ń kọ orúkọ wí. "Ọmọ ilé ta ni yín?"

Ọrùn Kúlísúmù nà. "Ọmọ ilé Aṣọ́gbà ni mí. Ta ni kò mọ̀ wá?"

"Ẹ nílé nígbà náà."

"Òjò ti wó o. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀ báyìí."

"Ẹ ṣáà fi ẹnu yín wí pé ẹ ò nílé, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Oyèníyì tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá onílé, ẹ yà fún àwa ọmọ àlè!"

Níbi tí wọ́n ti tọ́ Kúlísúmù, ẹrú àti ọmọ tí kò ní baba nìkan ni kì í nílé. Ó lanu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ wí i."

"Èmi? Níṣojú ará Ọ̀wọ̀?"

Theresa fa ìlà gba orúkọ rẹ̀, ó sì pe Oyèníyì. Kúlísúmù ká ẹní rẹ̀, ó há a mọ́ abíyá, ó sì ń lọ.