Ìka Karùn-ún Bàbá Wa

Òórùn tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní pálọ̀ bàbá wa ní Ṣàpọ́n, lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn irin tutù tó ń gòkè bọ̀ láti ìsọ̀ ìsàlẹ̀. Páànù ni bàbá wa tà títí àárẹ̀ fi dá wọn jókòó, páànù náà ló sì gé ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn dànù láti ìdí, kí wọ́n tó bí èmi àkọ́bí wọn. Ìka yẹn ni Mùsùlùmí máa ń nà síwájú nígbà tó bá jókòó lórí ìrun. Bàbá wa kò ní in mọ́, nítorí náà ìka àárín ni wọ́n ń nà, àwa ọmọ wọn náà sì ń na ìka àárín, a rò pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ààfáà ilé kéú ló fi pàṣán tún ìrun wa ṣe. Èmi àgbà yìí, tí mo bá gbàgbé ara mi, ìka àárín náà ni mo ṣì ń nà.

O mọ̀ mí, o mọ̀ pé n kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Iṣẹ́ adójútòfò tí mò ń ti Ìfọ̀ lọ ṣe ní Ìkẹjà lójoojúmọ́ ló bà mí jẹ́ dé àyè yẹn. Tí ọkọ̀ ẹnì kan bá forí gbárí, á fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, èmi ni mo sì ń wò ó bóyá irọ́ wà níbẹ̀. Mo ti rí bọ́mpà fífọ́ kan ṣoṣo tó ti ṣe jàǹbá ní ìlú mẹ́ta. Mo ti rí òjìji tó dojú kọ oòrùn. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, èmi ti mu oògùn náà yó.

Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Ìyá tó bí mi ni ìyálé, wọ́n sì kú nígbà tí mo wà nílé ìwé girama. Ìyàwó kejì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, ti wọlé láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ìyá mi. Àwọn ló ń dirun fún mi, àwọn ló jókòó tì mí nígbà tí ibà fẹ́ gbé mi lọ. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná. Nígbà tí bàbá wa dákẹ́, ẹbí pinnu pé ká ta ilé Ṣàpọ́n, ká pín in bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Àbúrò mi ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá wa ti fún ìyá òun ní yàrá iwájú àti ìsọ̀ ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì ń bẹ lẹ́nu wọn, òun sì fi fóònù gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìyá Kékeré kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè pè ní ilé. Tí fídíò yẹn bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á jókòó síbi tí wọ́n ti lo ayé wọn. Tó bá jẹ́ irọ́, wọ́n á kó ẹrù.

Ara kọ́kọ́ fu mí nítorí pé n kò gbọ́ nípa fídíò yìí rí. Ṣé bàbá wa á sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má pe èmi àkọ́bí? Ara tún fu mí nígbà tí mo ní kí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi, tó ní kí n ṣe sùúrù, òun ti gbé e fún onísítúdíò kan kó bá òun tún un ṣe. Mo ní tún kí ni ṣe? Ó ní ó ń gbọ̀n, ó sì ṣókùnkùn. Mo pa fóònù. Láyé ìsinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ń mú òkú sọ ohun tí kò sọ láàyè, ẹnì kan jókòó síbì kan, ó ń tún ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣe! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ àbúrò mi. Tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Tó bá dákẹ́, ìyẹn tiẹ̀ tún burú jù.

Ọjọ́ àdúà ogójì ni wọ́n gbé fídíò náà jáde, lẹ́yìn tí ààfáà ti ṣe fídáù tán, tí àlejò ti jẹun lọ, tó wá ku àwa ẹbí nìkan ní pálọ̀. Àbúrò bàbá wa, tó ti di olórí ẹbí, jókòó sórí àga bàbá wa. Ìyá Kékeré jókòó sórí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn nínú aṣọ opó, nítorí pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin fi ń ṣe opó kò tíì pé. Àbúrò mi so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, bàbá wa sì yọ sí wa.

Kí n má purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Wọ́n mọ́ gaara ju bí mo ṣe rí wọn lóṣù tí wọ́n lò kẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe nu ojú tán ni ojú iṣẹ́ mi là. Àwòrán náà ń yọ̀ jù. Bàbá wa kì í mi orí bẹ́ẹ̀, arúgbó tí oríkèé ń ro ni wọ́n, ara wọn kì í ṣàn bí òróró. Ohùn wọn ní, "Yàrá iwájú àti ìsọ̀ ìsàlẹ̀, mo ti fún ìyàwó mi kékeré. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ogún." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ju ọwọ́ ọ̀tún sókè, bí wọ́n ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá dá wọn lójú. Mo rí ọwọ́ náà. Mo ní kí àbúrò mi dá a padà sẹ́yìn, mo ní kó dá a dúró síbẹ̀.

"Ẹ bá mi ka ìka ọwọ́ yẹn," ni mo wí.

Wọ́n kà á. Márùn-ún ni. Ìka tí páànù ti gé dànù kí n tó dáyé wà níbẹ̀, ó gún régé. Mo dìde dúró, mo sì sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi.

"Ẹni yìí kì í ṣe bàbá wa. Ìyá àti ọmọ ló jókòó, tí wọ́n ṣe bàbá tiwọn."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu mi, ó ti fọ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó ní ojúlówó fídíò náà wà nínú kọ̀ǹpútà onísítúdíò, pé fóònù tí òun fi gbà á ti bọ́ sómi. Mo ní kó pe ọkùnrin náà. Ó pè é níṣojú wa, kò wọlé. Ó ní bóyá ó wà ní Kọ́bapẹ́ níbi tó ti ń kọ́lé. Mo rẹ́rìn-ín. Níbi iṣẹ́ mi, gbogbo ojúlówó ló máa ń bọ́ sómi, gbogbo ẹlẹ́rìí ló máa ń lọ sírìn-àjò. Olórí ẹbí ní kí wọ́n ti ìsọ̀ pa pẹ̀lú yàrá iwájú, níbi tí Ìyá Kékeré ń sùn, títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ìyá Kékeré kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn wò mí, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbójú kúrò, mo sì ka wíwò náà sí wíwò ẹlẹ́bi. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé báàgì kan, wọ́n ti lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Papalanto.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e la gbọ́ pé onísítúdíò ti dé. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo ní èmi fúnra mi ni n ó lọ, kí wọ́n má baà ráyè di irọ́ pọ̀. Èmi àti àbúrò mi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan náà. Mo tiẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà lábẹ́lẹ̀. Orí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni sítúdíò náà wà, eruku gbígbóná inú kọ̀ǹpútà ń rùn, fọ́tò àwọn ìyàwó tuntun sì kún ara ògiri. Mo jókòó ti ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà kò bẹ̀rù mi rárá, ìyẹn gan-an sì tún mú ara fu mí.

Ó ṣí ojúlówó. Ó kéré, ó ṣókùnkùn, ó ń gbọ̀n, ó sì ń já bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Ó wá ń sún àwòrán inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwòrán kan, ọwọ́ bàbá wa wà nítòsí àyà, ìka mẹ́rin, àlàfo ìkarùn-ún hàn kedere. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ti wà lókè, gbogbo rẹ̀ rí wúruwùru. Nínú ìkẹta, ọwọ́ ti padà sórí itan, ìka mẹ́rin. Ó wá ṣí èyí tó tún ṣe. Àwòrán mẹ́ta yẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mìíràn ti wọ àárín wọn, inú àwọn yẹn sì ni ìka karùn-ún wà. Ó ní fídíò kì í ṣe nǹkan kan ju àwòrán tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ, fóònù àbúrò mi ti gbó, àwòrán tó ń yà kò pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tó fi ń já. Ẹ̀rọ tuntun tí òun ń lò á wo àwòrán kan, á wo èyí tó tẹ̀ lé e, á wá ya èyí tó rò pé ó yẹ kó wà láàárín méjèèjì.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ Alájì, Àǹtí mi," ó ní. "Gbogbo ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ, oníka márùn-ún ni. Ibi tí kò ti ríran, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi dí i."

Mo ní ohùn ńkọ́? Ó ní òun kò fọwọ́ kan ohùn. Mo ní kó tan méjèèjì pọ̀. Ó tàn wọ́n, ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ dọ́gba, títí kan ikọ́ bàbá wa àti ìrun tí wọ́n ń pè ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kó tún un tàn. Mo ní kó tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá irọ́ títí nínú fídíò yẹn, n kò rí i, ohun tójú ń tì mí láti sọ fún ọ sì ni pé ó dùn mí pé n kò rí i. Àbúrò mi kò yọ̀ mí. Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a ròyìn fún olórí ẹbí, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ní, "A ti lé opó jáde nílé ọkọ ẹ̀." Wọn kò bú mi. Wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé Papalanto, kí n má fi fóònù pè.

Mo bá Ìyá Kékeré lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú àwo. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ gbígbẹ, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ìka, gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ wọn kò dúró. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé wa ni wọ́n ti sọ mí ní Awẹ́lẹ́wà, n kò sì gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu wọn rí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń bá mi wí. Lọ́jọ́ náà wọ́n pe orúkọ tí ààfáà sọ mí, wọ́n pè é pé, bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ nínú ìwé.

"Mo ti dárí jì ọ́," wọ́n ní. "Ẹ̀rọ ò mọ ọkọ mi, kò jẹ̀bi. Ìwọ mọ̀ mí."

Papalanto ni wọ́n ti ṣe opó parí. A kò ta ilé mọ́, yàrá iwájú ti di tiwọn láìsí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n àbúrò mi ló ń sùn síbẹ̀, nítorí Ìyá Kékeré ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ṣe ni èmi náà ṣe. N kò sí nílé lọ́jọ́ tí bàbá wa ń sọ̀rọ̀ yẹn, n kò mọ ohun tó wà láàárín àwọn àti ìyàwó wọn, mo wá kó ìwà gbogbo ìyàwó kékeré tí mo ti gbọ́ ìtàn wọn rí, mo fi dí àlàfo náà. Ẹ̀rọ ní àwíjàre. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà, kí ni tèmi? Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ mi, mo ṣì ń wá irọ́ nínú fọ́tò àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n kí n tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé èwo ni mo rí, èwo ni mo fi kún un.

Mo máa ń kọjá Ìfọ̀ lọ kí wọn tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n máa ń gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n á bu oúnjẹ fún mi, wọ́n á sì sìn mí dé títì. Títí dòní, orúkọ mi ni wọ́n ń pè.