Òrùlé Ni A Kọ́kọ́ Ń Kọ

Màmá ti ìgbálẹ̀ bọ inú korobá, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi fa ìlà omi gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìlaròó. Òórùn eruku tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bà gba imú mi. Gbogbo obìnrin àdúgbò wa tó ń tajà ló ń wọ́n omi síwájú ìsọ̀ láràárọ̀ kí ọjà lè yá. Màmá, ìyá ìyá mi, nìkan ló ń fi tiwọn kọ̀wé.

Báàgì obìnrin ni wọ́n ń tà. Wọ́n ti lọ rajà ní Ṣáínà lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí àwọn arúgbó tó ń fi omi kọ̀wé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá kọ́ mi: 店, ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn ará Kántọ́nù ní Ṣáínà ń pè é ní "dim", pẹ̀lú ohùn àárín. Àwọn tó ń sọ Mandaríìnì, èdè ìjọba wọn, ń pè é ní "díẹ̀n", ohùn á ti òkè já wálẹ̀. Mo ń pariwo méjèèjì lọ sílé ìwé, àfi ìgbà tí ọmọ kan fẹjọ́ mi sun tíṣà pé mò ń bú òun.

Kíkọ rẹ̀ ló le. Òrùlé wà lókè: ẹ̀kán omi kan, ìlà ìbú, ìlà gígùn tó tẹ̀ sósì. Àpótí kékeré tó ru òpó aláàpá kan jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ìwàǹwára mi a máa mú mi kọ àpótí ṣáájú, òrùlé kì í sì í ráyè mọ́. Màmá á ní, "Ọmọ mi, òrùlé la kọ́kọ́ ń kọ. Ta ló ń kó ẹrù síta kó tó wá ilé?"

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè, ẹrù Màmá há sí Kútọnu. Báàgì tán lára ògiri, ó ku ìkọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí à ń pè ní Dádì Èkó, ní kí wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Màmá gbà. Wọn ò kọ̀wé mọ́. Mo ń sunkún, torí mi ò mọ bí ilé wa yóò ṣe rí láìsí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Dádì Èkó gbé mọ́tò wá kó wọn, mo gbé korobá àti ìgbálẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ òrùlé tán, omi bá tán. Dádì Èkó dúró lé mi lórí, wọ́n bi mí pé kí lèyí.

"Ṣọ́ọ̀bù ni, sà," mo ní. "Ọjà ni ò tíì sí níbẹ̀. Òrùlé ti wà."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí tí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú, tí omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí ọmọ wọn gbé àpò àwọn wọlé padà. Dádì Èkó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ máa tà.

"Ohun tó ń hù lẹ́yìnkùlé wa ńkọ́?" ni Màmá dáhùn.

Kò pẹ́ tí gaàrí Ìdógò àti iṣu Jóga, àwọn ìlú ìtòsí wa, fi kún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin tó ń gbé wọn wá ń jókòó sí pèpéle, wọ́n ń fi "díẹ̀n" kí mi, inú mi sì ń dùn bíi kí n fò.

Télọ̀ ni mí báyìí ní Ayétòrò, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ní, oníbàárà ò sì tíì pọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa á tì. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tó ti di ẹrù tán, tó sì fi ẹ̀rín tú u. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn rí kì í yára di ẹrù.