Monínúọlá àti Àmì Ojú Oòrùn

Monínúọlá kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun fẹ́ kọ́ nípa ìràwọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá méjì nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Òkè-Ìlá, ní Adó. Lọ́dọọdún, ní oṣù kọkànlá, yunifásítì kan nílùú náà máa ń pe àwọn tó ń kàwé gba oyè másítà àti ti dókítà jọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Olúwabùsáyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó gbà sílé, gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Monínúọlá gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó fún un ní báàgì, bírò àti káàdì ọrùn. Inú gbọ̀ngàn tutù minimini. Ní aago mẹ́wàá, wọ́n pín mítípáì. Monínúọlá bá jókòó. Láti ọdún náà, kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá tuntun dé sídìí ètò náà, Dókítà Akínwálé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn. Ó rí ìyá àgbà ní ìjókòó iwájú.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Oyè wo lẹ wá gbà?"

"Oyè kẹ̀? Ìdílé wa kì í joyè."

"Mà, ẹ̀kọ́ yìí ga o. Àwọn tó ti gba dìgírì la ṣe é fún."

"Ọmọ mi, ọdún karùn-ún mi rèé níbí. Ìwọ ńkọ́?"

"Ọdún àkọ́kọ́ mi ni, mà."

"Káàbọ̀ o. Lọ jókòó, wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀."

Akínwálé lọ jókòó. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó rántí pé òun gan-an ni olùkọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé awò awọ̀nàjíjìn sórí pápá lọ́sàn-án gangan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú wo inú rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú rẹ̀ bọ́ sórí páálí funfun. Oòrùn hàn níbẹ̀ roboto bí àwo, àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ sì wà lójú rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án," ni Akínwálé wí. Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀.

"Méje ni o," ni Monínúọlá wí. "Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí nǹkan bá sú sí ọmọ lára, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kà á."

"Mà, mẹ́sàn-án ni mo rí."

"Wò ó dáadáa. Oòrùn ń sún lórí páálí yìí, àmì méje ń bá a lọ, méjì dúró sójú kan. Àwọn yẹn kì í ṣe tirẹ̀."

Kí Akínwálé tó fèsì, èéfín tín-ín-rín rú láti inú awò náà.

"Dókítà, oòrùn rẹ ti ní òórùn o. Òórùn mítípáì!" ni Monínúọlá wí.

Wọ́n tú awò náà wò. Èérún mítípáì méjì ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì, oòrùn sì ti ń yan ọ̀kan. Wọn kò béèrè ẹni tó jẹun nídìí awò, torí èérún ṣì wà lágbọ̀n Akínwálé. Monínúọlá yọ òwú nínú báàgì, ó nu gíláàsì, ó sì nu àgbọ̀n ọ̀gá pẹ̀lú. Akínwálé kọ́kọ́ fajú ro, àmọ́ nígbà tó yá, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n pa mẹ́sàn-án rẹ́, kí wọ́n kọ méje.

Ní ìrọ̀lẹ́, Adéfúnkẹ́, àbúrò Monínúọlá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà ní Ìyìn, pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti bá mi rí ìràwọ̀ mi níbẹ̀?"

"A kì í wo ìràwọ̀ ènìyàn. Oòrùn la wò lónìí. Wọ́n ní ìràwọ̀ lòun náà."

"Kí lẹ rí lára ẹ̀?"

"Àmì dúdú méje."

"Lára ìràwọ̀! Yéè!" Adéfúnkẹ́ gé fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti obìnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nítorí àmì náà. Nígbà tí Monínúọlá gbọ́, ó pè é títí, kò gbé e. Ní ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ náà, ó gúnyán, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìyìn, ó sì ya oòrùn sórí ìwé fún wọn.

"Ṣé àmì náà máa lọ?" ni Adéfúnkẹ́ béèrè.

"Kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, oòrùn tó ń yí á ti gbé e lọ sẹ́yìn ara rẹ̀."

"Ṣé àdúrà wa ló máa lé e lọ?"

Monínúọlá wo iyán tó ń tutù lọ.

"Àdúrà yín náà wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ fọwọ́, ẹ jẹun."